Obìnrin Tí Wọ́n Lé Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìgbẹ̀bí

Mo ti dàgbà, inú kì í sì í bí mi bíi ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì wà tí mi ò tíì dárí jì. Ọ̀kan ni ìyá ọkọ mi. Èkejì ni nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí ní ilé ìgbẹ̀bí tí ìjọba kọ́ sí àdúgbò wa, láàrin Bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti Mápó. Àwọn méjèèjì ti kú. Wọ́n ní a kì í bá òkú jà, ṣùgbọ́n èmi ń bá wọn jà.

Ó ku bí ọdún mẹ́ta kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wọ agboolé kan lẹ́yìn Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń ránṣọ l'Ọ́jà'ba. Ìyá rẹ̀ ní ẹbu aró lẹ́yìn ilé, ìkòkò ńláńlá mẹ́jọ tí ewé elú ń bà nínú wọn, tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí àlejò jókòó pẹ́. Ọkọ mi ti ní ìyàwó kan kí n tó dé. Òun ni ìyáálé mi, obìnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ kò ju "ro aṣọ yẹn" àti "sá a" lọ. Mo kà á sí ọ̀tá.

Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó tó àkókò, ọjọ́ méjì gbáko ló fi rọbí nínú yàrá ìyá ọkọ wa, tí a ń pè ní Ìyá, èmi ni wọ́n ní kí n di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Òkú ọmọ ló bí. Èyí tó bí ṣáájú rẹ̀ náà ti kú bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó ní kí wọ́n bá òun gbé omi wá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó ti padà sídìí aró.

Nítorí náà, nígbà tí èmi náà lóyún, ẹ̀rù bà mí dé eegun. Obìnrin kan tó wá ra adìrẹ lọ́wọ́ wa ló sọ fún mi pé gbogbo ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n ń wo àwọn aboyún ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọba. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n lọ bá Ìyá sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ bá Ìyá sọ ọ́.

"Kí ni wọ́n fẹ́ wò?" Ìyá bi mí. "Inú rẹ ní fèrèsé tí wọn óò máa yọjú wò ni? Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bí nínú yàrá yìí."

Gbogbo agboolé ló mọ̀ pé mẹ́ta ló kù nínú mẹ́sàn-án náà. Ta ni yóò la ẹnu sọ ọ́?

Mo lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé aṣọ lérí bí ẹni tó ń lọ sí Ọjà'ba, mo sì yà síbẹ̀. Àwọn aboyún ti tò lórí bẹ́ǹṣì láti iwájú ilé dé ìdí igi ọ̀dán. Nọ́ọ̀sì náà jáde sí wa. Aṣọ funfun rẹ̀ ti gan nítorí sítáàṣì, ó ń dún bó ti ń rìn. Ó gbé garawa kan sáàárín wa, ó ní kí gbogbo ẹni tó so òǹdè tàbí oògùn mọ́ra tú u sínú rẹ̀, ẹni tí kò bá tú u kó máa lọ sílé. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó tó bí nọ́ọ̀sì náà lọ́mọ, tó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá. "Ìwọ" ló ń pe òun náà. Gbogbo wa pátá ni "ìwọ."

Nígbà tó kàn mí, ó wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ aláró ni, ó dúdú dé ìgúnpá.

"Kí nìyí?"

"Aró ni, mà."

"Lọ fọ̀ ọ́."

"Kì í lọ, mà."

"Ọ̀bùn ni kì í lọ. Lọ síbi omi."

Ó fún mi ní ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀. Mo ń ha ọwọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn títí tó fi bó. Kò lọ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń wo ilẹ̀. Nígbà tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ló ní kí n wá dùbúlẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: bó ṣe fọwọ́ kan ikùn mi, mo mọ̀ pé ọwọ́ yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ lókè, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ó ní, "Ìdí ọmọ ló wà nísàlẹ̀. A máa máa wò ó." Ó kọ káàdì fún mi. Ó ní bí mo bá pa ọjọ́ kan jẹ, kí n má wulẹ̀ wá bá òun lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

Mo búra lójú ọ̀nà pé mi ò ní débẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀yìn ìyáálé mi tí mo dì mú fún ọjọ́ méjì, mo sì padà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí Ìyá tó rí káàdì náà lábẹ́ ẹní mi.

Ó pè mí sí ẹbu. "Wọ́n ní o mọ̀wé. Kà á fún mi."

Mo kà á. Orúkọ mi, orúkọ ọkọ mi, ọjọ́ tí mo wá, ọjọ́ tí n ó tún wá.

"Orúkọ ọmọ mi lo lọ kọ sílẹ̀ fún àwọn tí a kò mọ̀ rí," ló wí. Ó ju káàdì náà sínú ìkòkò aró, ó fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń pa aṣọ laró. Nígbà tó lọ ṣàlùwàlá, mo yọ ọ́, mo sì sá a. Kò sí lẹ́tà kan tó ṣeé kà mọ́ nínú rẹ̀.

Mo mú un lọ bẹ́ẹ̀ ní Túsìdeè tó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì náà gbé e sókè fún gbogbo bẹ́ǹṣì láti rí. "Ẹ wá wo ẹni tó fi ìwé ìjọba ṣe adìrẹ!" Ó ní òun kò ní kọ òmíràn àfi bí ọkọ mi bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní òun ní aṣọ ọdún Iléyá tí òun gbọ́dọ̀ rán parí. Ọdún Iléyá náà kọjá, kò lọ.

Ní ọjọ́ tí mo rọbí, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Ìyá àti àwọn àgbà obìnrin méjì ní agboolé tì mí mọ́ yàrá. Oòrùn yọ, oòrùn kan àtàrí, wọ́n pe ìrun àìlà, ọmọ kò wá. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fọwọ́ wò mí, ojú rẹ̀ yí padà. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí, tí ìyáálé mi wọlé láti ìdí aró, omi aró ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ."

"Lọ síbo?"

"Ibi tí kò ti ní kú."

"Bí o bá gbé e jáde nílé yìí, ìwọ náà má wulẹ̀ padà."

"Ó dáa, mà," ìyáálé mi wí. Ó fa apá mi kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó gbé mi dìde.

A rìn dé oríta Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń fi ọmọlanke kó iṣu ti rí wa. Kò béèrè nǹkan kan, ó da iṣu rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé mi sórí ọmọlanke náà. Òun ń tì, ìyáálé mi ń fà, títí a fi gun òkè tí ilé ìgbẹ̀bí náà wà lórí rẹ̀.

"Káàdì dà?" ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi wá.

Nọ́ọ̀sì náà jáde. Ó mọ̀ mí lójúkan náà. "Ìwọ adìrẹ. Láti òwúrọ̀ lẹ ti ń bà á jẹ́ nílé, nígbà tó bàjẹ́ tán lẹ wá gbé e wá kó lè kú sí mi lọ́rùn. Ẹ gbé e padà."

Ó yíjú. Ìyáálé mi di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, ọwọ́ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì náà fà á, kò já. Ó yí padà, ó gbá a létí. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí nínú ọmọlanke.

"Ẹ gbá apá kejì, mà," ìyáálé mi wí, "ṣùgbọ́n ẹ gbé e wọlé."

Mi ò mọ ohun tó yí i lọ́kàn padà, bóyá ojú àwọn tó ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà ni. Ó ní kí wọ́n gbé mi wọlé. Bó ti ń lọ níwájú mi, mo rí àmì ìka ìyáálé mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́yìn aṣọ funfun yẹn.

Kí wọ́n tó pe ìrun alásàárì, ó ti gbẹ̀bí mi. Ìdí ọmọ ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, ó fara balẹ̀ yí i jáde bí ẹni ń yọ igbá kúrò nínú àwọ̀n. Ọkùnrin ni. Kò ké. Ó gbé e sorí kodò, ó gbá a nídìí, ó ké. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀ bá ti pa á." Kò kí mi kú ewu.

Lẹ́yìn náà ó lọ síta, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Ìwọ aláró yìí, bí mo bá tún rí ẹsẹ̀ rẹ nínú ọgbà yìí láyé rẹ, ọlọ́pàá ni n ó fà ọ́ lé lọ́wọ́. Mo ti mọ ojú rẹ."

"Mo gbọ́, mà," ìyáálé mi dáhùn. "Ẹ ṣé é, mà. Ẹ ṣé é."

Nígbà tí a délé, Ìyá kò béèrè bóyá ara mi le. Ibi ọmọ ló béèrè. Mo ní wọ́n ti sọ ọ́ sí kòtò lọ́hùn-ún. Ó pariwo. Ó ní ọmọ tí wọn kò ri ibi rẹ̀ sílé bàbá rẹ̀, àlejò ni nílé náà. Fún ọjọ́ méje kò gbé e. Ní ọjọ́ kẹjọ tí àwọn àlùfáà wá sọmọ lórúkọ, ó gbé e níwájú àwọn àlejò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ wa ló bẹ Ìyá kí ìyáálé mi tó lè padà sínú yàrá rẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi àti ìyáálé mi jọ ń jẹun nínú àwo kan ni.

Ọmọ mi ti ń rìn kiri, kò tíì já lẹ́nu ọmú, nígbà tí ìyáálé mi tún lóyún. Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, ìyáálé mi. N ó tẹ̀ lé yín."

"Ìyàwó, o gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní òun ti mọ ojú mi."

"Ó ti gbàgbé."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè jẹ́ kí ọlọ́pàá wọ́ mi la Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kọjá pẹ̀lú oyún."

Mo sọ lọ́kàn mi pé n ó lọ bá nọ́ọ̀sì náà, n ó kúnlẹ̀, n ó bá a bẹ̀bẹ̀. Mi ò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá lọ rán an létí, ó lè lé èmi náà lọ́jọ́ tó bá tún kàn mí. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ọkọ wa mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnìkan lọ. Òun náà kò lọ. Ó ní òun kò lè dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin nítorí ọ̀rọ̀ obìnrin.

Òwúrọ̀ Tọ́sìdeè kan ló bímọ náà, wẹ́rẹ́ bí ẹni gbé omi kalẹ̀. Obìnrin ni, ó sì ké kíkan. Gbogbo agboolé ń yọ̀. Ìyá jáde sí àgbàlá, ó pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Ta ló ń wá aláṣọ funfun?"

Ibi ọmọ kò jáde. Wọ́n fún un ní ìgò kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ. Wọ́n ki ìdí ṣíbí sí i lọ́fun kí ó lè bì. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ń gbọn eérú sí i. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ọyẹ́ ń mú mi." Oòrùn ń ràn gan-an lọ́jọ́ náà. Mo ju ọmọ mi fún obìnrin tó wà nítòsí, mo sì sáré.

Mi ò dúró dá ẹ̀ṣọ́ lóhùn. Mo bá nọ́ọ̀sì náà nídìí tábìlì, mo wólẹ̀. "Ibi ọmọ kò jáde, ẹ̀jẹ̀ kò dá." Kò béèrè káàdì. Kò bú mi. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sáré ṣáájú mi sọ̀kalẹ̀ òkè náà, bàtà funfun rẹ̀ ń ta ẹrẹ̀. Nígbà tó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó ti ọwọ́ bọ iṣẹ́. Ó ṣe é pẹ́. Ó fún un lábẹ́rẹ́, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó ń pè é pé, "Dá mi lóhùn, obìnrin yìí, dá mi lóhùn." Kò dá a lóhùn.

Ó dìde. Ó wò wá yíká.

"Kí ló dé tí ẹ kò gbé e wá láti òwúrọ̀?"

Èmi ni mo fọhùn. "Ẹ̀yin lẹ ní kó má wá mọ́."

"Èmi? Nígbà wo?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti ọmọlanke, mo sọ ti ìgbátí, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lójú fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú òkú náà dáadáa.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí," ló wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ta ló ní kó gbà á gbọ́?"

"Ẹ jáde nílé wa," mo wí.

"O ti gbọ́," Ìyá wí lẹ́yìn mi. "Jáde."

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ohùn èmi àti Ìyá ṣọ̀kan nìyẹn, ó sì dùn mí ju ìgbátí lọ. Mo yíjú sí i, mo ní, "Ẹ̀yin náà, Ìyá. Ẹ̀yin náà." Ó jáde lọ sí àgbàlá. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ìyáálé mi. Mo gbé ọmọ tuntun tó bí náà sí ọmú kan, ọmọkùnrin mi sí èkejì. Àwọn ará ilé ń sọ fún ọkọ wa pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ó ń mi orí.

A gba òmìnira. Kò ju ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ lọ nígbà tí àbíkẹ́yìn Ìyá, tó wà nílé ọkọ ní Oníyanrìn, lóyún àkọ́kọ́, tó sì wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ìyá pè mí ní òwúrọ̀ Túsìdeè kan. Ó ti ra fìlà òtútù fún ọmọ tí wọn kò tíì bí.

"Ìwọ lo mọ ọ̀nà ibẹ̀," ló wí. "Mú àbúrò ọkọ rẹ lọ kí wọ́n bá wa wò ó."

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí ìyáálé mi lọ?"

"Èmi kọ́ ló lé e," ó wí. "Nọ́ọ̀sì ló lé e."

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, mo mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé kì í ṣe ọmọ ẹni. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kò ṣẹ̀ mí. Mo mú un lọ.

Bẹ́ǹṣì náà ti gùn sí i. Nọ́ọ̀sì náà ti sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Obìnrin kan tó wá láti ọ̀nà Ògùnpa dìde lọ fún ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún lómi mu, nígbà tó fi padà, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ kọjá.

"Máa lọ sílé," nọ́ọ̀sì náà wí fún un. "Má sì padà wá mọ́. Irú yín kò wúlò fún mi."

Obìnrin náà kò jiyàn. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé ikùn rẹ̀ tó tóbi, ó kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́, ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Mo fi àbúrò ọkọ mi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo sáré tẹ̀ lé e. Mo bá a nídìí òkè.

"Ẹ padà," mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tó sọ ni?"

"Mo gbọ́. Ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Kì í rántí. Ẹ ò gbọdọ̀ gbà á gbọ́."

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun. Mo ní, "Kó dùn yín, ẹ ṣáà padà." A dúró síbẹ̀ pẹ́, àwọn tó ń lọ sí ọjà ń yà fún wa. Nígbà tó yá, ó yí padà, a jọ gun òkè náà.

"Ìwọ tún padà?" nọ́ọ̀sì náà wí nígbà tó rí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni," èmi ni mo dáhùn. "Ó padà."

Nọ́ọ̀sì náà wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì, obìnrin náà lọ jókòó. Mi ò mọ̀ bóyá ó dá mi mọ̀. Mi ò kí i.